Àgbàdo Hù Lẹ́nu Ọ̀gá

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Ẹni tó ni ín ṣì wà láyé, ó ṣì ń jẹun dáadáa, bó bá sì gbọ́ pé mo dárúkọ òun, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bèèrè ni bóyá mo fi gbogbo oyè òun kún un. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ni n ó máa pè é, bí gbogbo wa ti ń pè é lójú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Àgbá ni, ẹ ó sì ti mọ irú àgbá tó máa ń dún jù.

Ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa kékeré ni wọ́n gbé e wá darí. Yàrá mẹ́ta àti gbọ̀ngàn ìpàdé kan ni gbogbo ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú àga mọ́kànlá tí ẹsẹ̀ méjì nínú wọn kò pé. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó dé, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ọ̀rọ̀ Oko, Irúgbìn àti Ohunkóhun Tó Bá Ń Hù. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ka oyè náà tán, àfi kó kọ́kọ́ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Ọ̀gá kì í dáhùn ìkíni àkọ́kọ́. Ó ní àkọ́kọ́, ti etí ni. Èkejì, ti ọkàn. Ẹ̀kẹta ni ti ipò, òun nìkan ló sì tó dáhùn. Lọ́jọ́ tí iná mú koríko ẹ̀yìn ọ́fíìsì, obìnrin agbálẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta gbáko kó tó ráyè sọ pé iná ń jó. Ọ̀gá dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ta ló fún iná láṣẹ.

Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a bí sí ìlú wa yìí, ló ń ràn án lọ́wọ́ kó má baà rí ara rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá sín, akọ̀wé á ní afẹ́fẹ́ ìlú ti mọ́. Bí Ọ̀gá bá ṣìnà, akọ̀wé á ní ọ̀nà ni kò mọ ẹni tó ń bọ̀. Ẹ má bú u jù. Ọmọ mẹ́rin ló ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń fi oúnjẹ ṣeré.

Ní ìsàlẹ̀ ìlú, opó kan wà tí à ń pè ní Ìyá Eléèéfín. Òun ló ń tọ́jú irúgbìn àgbàdo pupa fún gbogbo wa. Àgbàdo náà kò lẹ́wà: ó kúrú, ó rí kóńdó, ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọjọ́ péré ló fi ń gbó. Lọ́dọ̀ wa, òjò dà bí mọ̀lẹ́bí tí kò fẹ́ràn ẹni: ó ń pẹ́ dé, ó ń tètè lọ. Àgbàdo funfun á ṣì máa yọ irùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí òjò bá ti dágbére. Pupa yìí nìkan ló ń bá òjò parí iṣẹ́. Bí kò bá sí i lọ́dún kan, ebi ni gbogbo ìlú á fi ọdún náà jẹ.

Bí ìkórè bá dé, olúkúlùkù á mú ọmọ àgbàdo rẹ̀ tó dára jù lọ wá fún ìyá yìí. Ìyá náà á yín hóró ti ìdí dànù, á yín ti orí dànù, àárín nìkan ni yóò fi sílẹ̀ lára kùkù. Ó ní ti ìdí a máa ṣakọ, ti orí a máa ya ọ̀lẹ, ti àárín ló níwà. Lẹ́yìn náà á so wọ́n mọ́ àjà lókè ààrò igi rẹ̀, kí èéfín máa rọ́ lù wọ́n láti ìkórè títí di òjò. Kòkòrò tó bá gbọ́ òórùn yẹn, ilé ẹlòmíràn ló ń gbà lọ. Àwa yòókù ti ń fi gáàsì dáná, ojú wa ti là, kò sí èéfín nílé wa mọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni irúgbìn náà wà. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, a ó tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, àtẹni tó bú u lọ́dún tó kọjá, àtẹni tí yóò bú u lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, lẹ́tà kan dé láti olú iléeṣẹ́. Adarí Àgbà, obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo àwọn ọ̀gá, fẹ́ wá wo bí ará ìlú wa ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà náà. Ọ̀gá ka ọgbọ̀n ìlà jáde nínú rẹ̀. Ó pe ìpàdé, ó sì sọ̀rọ̀ láti aago mẹ́sàn-án títí ọ̀kan nínú àwọn àga aláàbọ̀-ẹsẹ̀ yẹn fi dà lulẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀.

“Ìlú tí irúgbìn rẹ̀ bá fọ́n káàkiri,” ni ó wí, “ọgbọ́n rẹ̀ ló fọ́n káàkiri. Mo fẹ́ kí gbogbo irúgbìn ìlú yìí para pọ̀ di ojú kan, kí àlejò wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ojú ta ni?”

Akọ̀wé ní ojú wo ló tún kù láyé.

Báyìí ni wọ́n ṣe pinnu láti fi gbogbo irúgbìn ìlú ṣe àwòrán ojú Ọ̀gá sára pákó tó ga ju ènìyàn méjì lọ. Ẹ̀wà dúdú di irun ojú. Ẹ̀wà funfun di eyín. Ọkà bàbà di ẹ̀rẹ̀kẹ́, irúgbìn ilá sì di irun orí, níbi tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò ti ní irun kankan. Wọ́n kéde pé ẹni tó bá fi hóró kan pamọ́, ilẹ̀ oko rẹ̀ ti lọ. A kó irúgbìn wa wá, a sì ń dúpẹ́, nítorí akọ̀wé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ orúkọ ẹni tí kò dúpẹ́.

Ètè ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gá ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun ń gbà jáde, nítorí náà kó tóbi. Kò sì sí irúgbìn pupa mìíràn ní gbogbo ìlú. Akọ̀wé gbé àkàbà lọ sílé Ìyá Eléèéfín, ó gun òkè ààrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgbàdo sílẹ̀. Ètè òkè gba ìdajì rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ń fẹ́ ìdajì yòókù.

“Ọmọ mi,” ni ìyá náà wí fún un láti ìsàlẹ̀ àkàbà, “igbá kan péré. Fi igbá kan sílẹ̀ fún mi.”

Akọ̀wé yìí, ẹ gbọ́ o, àgbàdo pupa ni ìyá tirẹ̀ fi rán an níléèwé. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó ní bí òun bá fi igbá kan sílẹ̀, ẹnu Ọ̀gá á wọ́.

Káfíńtà ìlú ló kan pákó náà. Ó fẹ́ lo gúlúù, ṣùgbọ́n òórùn gúlúù kò bá imú Ọ̀gá lára mu. Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n ta àpò ìdọ̀họ sára pákó, kí wọ́n fi sítáàṣì tí à ń fi na aṣọ lẹ irúgbìn mọ́ ọn. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ojú náà dúró sínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi aṣọ àrán dúdú bò ó, Ọ̀gá sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí àlejò yóò fi dé. Àlejò wá ránṣẹ́ pé ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i.

Lọ́jọ́ kejì, òjò àkọ́kọ́ rọ̀.

Ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Láti òjò àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni àgbàdo pupa ní láti wọlẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ á bá a lójú ọ̀nà, kò ní sí oúnjẹ, kò sì ní sí irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí ìyá ọkọ Ìyá Eléèéfín fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú á wá parí sára ètè ọkùnrin kan tí kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí àdá.

Àwa bíi mẹ́wàá lọ bá Ọ̀gá. A kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Káfíńtà ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Ó ní òun lè yọ ètè náà wẹ́rẹ́ láìba ìyókù jẹ́, kí òun sì fi amọ̀ pupa dí i, àlejò ò ní mọ̀.

Ọ̀gá fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. “Ṣé amọ̀ ni kí n máa fi sọ̀rọ̀?”

Ìyá Eléèéfín ní òjò kì í dúró de àwòrán. Ọ̀gá ní kí òjò kọ̀wé sí òun, kó sọ ohun tó ń dà á láàmú. Ó ní òun ti béèrè fún irúgbìn inú ọ̀rá láti olú iléeṣẹ́, wọn yóò fi ránṣẹ́ bí ọdún bá yí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde, a sì ń sọ fún ara wa lójú ọ̀nà ohun tí ó yẹ ká ti sọ nínú ilé.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gá wá ronú pé eruku á máa bà lé òun lábẹ́ aṣọ. Ó pe agbálẹ̀, ó ní kó máa ki ọwọ́ bọ abẹ́ àrán láàárọ̀ lálẹ́, kó máa wọ́n omi sí ojú òun kó lè máa dán. Ẹ dúró níbẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́ àṣẹ yìí, kò sì sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀ nínú wọn, láti orí akọ̀wé dé orí olùṣọ́. Irúgbìn, àpò ìdọ̀họ, ooru, òkùnkùn, omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún nílùú wa lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn wo ilẹ̀. Akọ̀wé tilẹ̀ ní èrò náà jinlẹ̀.

Agbálẹ̀ náà, àbúrò Ìyá Eléèéfín ni, ọmọ ìyá kan. Ní ọjọ́ karùn-ún òjò, ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹnu bọ̀ ọ́ létí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu Ọ̀gá ti ń hù.”

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. “Gbòǹgbò ló yọ, àbí ewé?”

“Gbòǹgbò. Ó ti wọnú àpò. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ṣe ló dà bí ẹnu ọmọ adìyẹ.”

Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá jí ètè náà gbé, ẹ̀wọ̀n ni. Bí wọ́n bá sọ fún Ọ̀gá, á ní kí wọ́n gbé ojú òun sóòrùn, gbogbo rẹ̀ á sì gbẹ kú. Bí wọ́n bá dákẹ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fi pé, ebi iyẹ̀pẹ̀ á pa á. Ìyá Eléèéfín ní kí àbúrò òun máa bu omi fún un lọ, kó má jẹ́ kó gbẹ, kó má sì jẹ́ kó rì. Òun á lọ wá àlejò náà wá.

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá, ó sì kí i lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Ojú Ọ̀gá ń dá omi. Kò tíì sí ẹni tó kí i kọjá mẹ́ta rí, kò sì mọ ti kí ni èyí tó kù. Obìnrin yìí, tí a ò gbọ́ ìpọ́nni lẹ́nu rẹ̀ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn bí ẹni ń lọ ọ̀bẹ. Ó ní òun ronú, òun sì rí i pé ètè yẹn yẹ ibi tó wà. Ó ní ohun kan ló kàn ń dun òun.

“Ẹni ńlá kì í jókòó de àlejò,” ni ó wí. “Ṣe ló ń ránṣẹ́ pè é. Àbí Adarí yẹn jù yín lọ ni?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn wọ̀ ọ́ lára bí omi ṣe ń wọ àpò ìdọ̀họ. Kí òòrùn tó wọ̀, Ọ̀gá ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀, ó fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ pé òun fún un láyè láti wá lọ́jọ́bọ̀, kó má sì pẹ́, nítorí àkókò òun ṣọ̀wọ́n.

Kí ọjọ́bọ̀ tó dé, àrán bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kọ́kọ́ yọ lọ́gangan imú, ó wá yọ lẹ́nu, nígbà tó yá gbogbo rẹ̀ ń rú sókè bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Ọ̀gá bèèrè ohun tó ń ti aṣọ. Akọ̀wé ní iyì Ọ̀gá ni, kò gba abẹ́ aṣọ mọ́. Ó bèèrè òórùn tútù tó ń jáde. Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni ìlọsíwájú ṣe máa ń rùn níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mí i símú dáadáa.

Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọjọ́ kọkànlá òjò. Gbogbo ìlú kún gbọ̀ngàn; Ìyá Eléèéfín jókòó níwájú pátápátá, abọ́ ńlá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré sì wà nínú abọ́. Adarí Àgbà dé nínú bàtà rọ́bà, obìnrin kúkúrú kan tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kí Ọ̀gá pé ẹ káàárọ̀. Ọ̀gá, nítorí àṣà tó ti mọ́ ọn lára, kò dáhùn. Ó ń dúró de èkejì. Obìnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀, ó wá àga jókòó. Orí aláàbọ̀-ẹsẹ̀ kan ló bọ́ sí. A gbá a mú.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ayé ti wà, ó fi ẹsẹ̀ kan kan ìgbà tí àgbẹ̀ kò tíì ní ọ̀gá, ó káàánú wọn. Ó ní Adarí ti béèrè ibi tí irúgbìn wà. Òun á dá a lóhùn pé ojú òun ni wọ́n ń gbé. Ó yí ẹ̀yìn sí pákó, ó kọjú sí wa, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì fa àrán wálẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn nàró kí wọ́n lè rí i.

Irun ojú rẹ̀ ti gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkà bàbà ti hu irùngbọ̀n funfun yẹ́ríyẹ́rí, nítorí òkùnkùn kò jẹ́ kí ewé rí àwọ̀. Eyín ti là sí méjì-méjì, ọrùn ẹ̀wà tẹ̀ jáde láàárín wọn bí ìwọ̀ ẹja. Láti inú ètè pupa méjèèjì, èèhù àgbàdo gùn tó ìka kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ nà sí Adarí bí ẹni pé ó ń yọ ahọ́n sí i.

Adarí dìde. “Ọ̀gbẹ́ni, ojú yín rè é?”

“Òun ni,” ni Ọ̀gá wí, tí kò tíì yíjú padà. “Kò sì yàtọ̀ rárá sí bí ẹ ṣe ń wò mí yìí.”

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti já. Kò tíì já tán nígbà tí akọ̀wé sún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adarí, ó ń ṣàlàyé fún un pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń kìlọ̀. Ọ̀gá wá bojú wẹ̀yìn. Ó wo ara rẹ̀ lókè lódò. Ó la ẹnu, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tó jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà lára pákó ń jáde lọ ràì.

Ìyá Eléèéfín ti dìde pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín sí i síbẹ̀. “Ìyá wa, ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù. Irúgbìn mìíràn ò sí nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu Ọ̀gá kó tó kú.”

Adarí bèèrè irú àgbàdo tó jẹ́. Ìyá náà sọ ọ́ fún un, ọgọ́ta ọjọ́, èéfín, ìyá ọkọ, gbogbo rẹ̀. Adarí ní ohun tí òun wá wò gan-an nìyẹn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó sì gba abọ́ dání.

A dìde sí ojú Ọ̀gá. Káfíńtà tú ìṣó, Ìyá Eléèéfín ń fi ọ̀bẹ gé àpò ìdọ̀họ pẹ̀lú gbòǹgbò tó ti wọ̀ ọ́, bí ẹni ń gé aṣọ ọmọ tuntun. Ọ̀gá ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojú ìjọba. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kejì, ó pariwo lẹ́ẹ̀kẹta. Obìnrin kan gba irun ojú òsì, ẹlòmíràn ní òun ló ni ọ̀tún. Àwọn ọkùnrin méjì ń jà sí etí. Káfíńtà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ó dákẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn sì bá a parí rẹ̀ pé òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí wọ́n ti ń ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà bí ẹní. Láàárín wákàtí kan, pákó lásán ló kù, pẹ̀lú sítáàṣì díẹ̀ níbi tí imú wà.

Nígbà tí a ń jáde, Adarí mú lẹ́tà Ọ̀gá jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìbínú, ó tún ka ibi tí wọ́n ti fún un láyè láti wá. Lẹ́yìn náà ó ní òun náà fún Ọ̀gá láyè láti máa lọ. Ilé ìkó-fáìlì olú iléeṣẹ́ ni wọ́n fi í sí, níbi tí kò sí ẹni tó ń kí ènìyàn yàtọ̀ sí èkúté. Akọ̀wé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá tuntun sín lọ́jọ́ tó dé; ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó wí.

Ìkùukùu ṣú lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ yẹn, òòrùn kò rí èèhù pa. Ìyá Eléèéfín gbin gbogbo ètè náà sí oko kan ṣoṣo, ó sì pa àtíbàbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbé ibẹ̀, ó ń lé ẹyẹ, ó ń lé ewúrẹ́, ó ń lé àwa tí à ń wá wò ó. Ìdajì kú. Ìdajì mú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìgbìn, òjò rọ̀ títí ogójì ọjọ́, ó rọ̀ títí àádọ́ta, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta. Àgbàdo ti gbó.

Lọ́dún yẹn kò sẹ́ni tó jẹ hóró kan nínú rẹ̀. Isu gbígbẹ àti sùúrù la jẹ, a pa ìgbànú mọ́ra, gbogbo rẹ̀ padà sókè ààrò. Ọdún tó tẹ̀ lé e la tó gbìn ín yíká ìlú, nígbà náà ni ìyá náà tó rẹ́rìn-ín, ó sì rín in dé ibi tí àbúrò rẹ̀ ní láti dì í mú. Ètè Ọ̀gá ni à ń pe àgbàdo náà báyìí. Orúkọ náà ti kọjá ọ̀dọ̀ wa. Ìlú mẹ́ta ló ń gbìn ín, wọ́n sì ń sun ún tà létí títì.

Ẹnì kan tó wà nínú ọkọ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó ní ọkọ̀ dúró, obìnrin kan na àgbàdo gbígbóná sójú fèrèsé pé Ètè Ọ̀gá rè é, kí wọ́n rà á kó tó tutù. Ọkùnrin sísanra kan tí kò ní irun kankan lórí, tó jókòó sẹ́yìn, ta jí. Ó bèèrè pé Ọ̀gá wo ni.

“N ò mọ̀ ọ́n, bàbá,” ni obìnrin náà wí. “Mélòó ni kí n dì?”